Àwa Olùkọ́ Àlejò ní Manigri àti ní Bassila

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó bi àwa olùkọ́ tí a fi ìwé ránṣẹ́ sí pé kí a lọ máa kọ́ ọmọ ní ìlú tí a kò ti mọ ẹnì kan. Ní orílẹ̀-èdè Benin, olùkọ́ ìjọba kì í sábà yan ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Ọmọ Kétu lè bá ara rẹ̀ ní Natitingou, kí ọmọ Parakou bá tirẹ̀ ní Ouidah. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìhà gúúsù ni a ti wá, láti Kétu, Pọ̀bẹ̀, Sákétẹ́ àti Àjàṣẹ́, iṣẹ́ sì gbé wa dé Manigri àti Bassila ní ẹkùn Donga. A kò sọdá òkun, a kò gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, síbẹ̀ àlejò ni wá. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ ni bí olùkọ́ àlejò ti ń gbé, bí ó ti ń rìn, àti ohun tí ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ kọ́ kí ó tó lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ní ìdálẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ní ayé ìjọba Faransé, àwọn ọ̀dọ́ Dahomey tí orí wọn pé a máa lọ sí École William-Ponty ní Senegal, tí ó wà ní erékùṣù Gorée kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sébikhotane. Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ di olùkọ́ àti akọ̀wé káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé, débi pé wọ́n ń pe Dahomey ní Quartier latin ilẹ̀ Áfíríkà. Hubert Maga, tí ó di ààrẹ wa àkọ́kọ́ ní 1960, olùkọ́ ni. Parakou ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Natitingou ni ó ti kọ́ ọmọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyìn náà ní apá kejì. Ní 1958, àwọn ará Abidjan dìde sí àwọn ọmọ Dahomey àti Tógò, wọ́n ní wọ́n ti gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní 1963, ìjọba Niger ní kí àwọn ọmọ Dahomey máa lọ. Ní 1978, lẹ́yìn tí àárín Kérékou àti Bongo ti bàjẹ́, Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin padà. Nínú àwọn tí wọ́n di ẹrù wọn ní kánjúkánjú ni akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò wà. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí dáadáa yóò mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí lè gba iṣẹ́ fún ni, ṣùgbọ́n kò lè gba ìlú fún ni. Àwọn onílé ni wọ́n ń fún àlejò ní ìlú, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń fún un.

Ọ̀nà tí ó gbé wa wá ni ọ̀nà ńlá tí ìjọba pè ní RNIE 3. A máa ń ti Kútọnú dé Bohicon, a ó sì tún gùn dé Ìdàáṣà, níbi tí ọ̀nà yìí ti yà kúrò lára èyí tí ó lọ sí Parakou. Láti ibẹ̀ ó kọjá ní Savalou àti Bantè, ó dé Manigri, ó dé Bassila, ó sì tẹ̀ síwájú sí Djougou àti Natitingou títí dé Porga lẹ́bàá ilẹ̀ Burkina Faso. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ yìí tí ó sì la etí sílẹ̀, etí rẹ̀ yóò rin ìrìnàjò ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní Bohicon, Fọ̀n ni àwọn tí ń ta ọsàn lójú fèrèsé ọkọ̀ ń sọ. Ní Ìdàáṣà, ọ̀rọ̀ wọn padà sún mọ́ tiwa. Ní Savalou, Mahi ni. Ní Bantè, a tún bá ìbátan wa pàdé, àwọn Ìtsà. Igi ọ̀pẹ ń dín kù, igi òrí àti igi irú ń pọ̀ sí i, oko kajú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nígbà tí awakọ̀ bá kígbe Manigri, eruku ti sọ gbogbo wa di aláwọ̀ kan náà.

Ìpínlẹ̀ Bassila ní agbègbè mẹ́rin: Alédjo, Bassila, Manigri àti Pénéssoulou. Abẹ́ Atacora ni gbogbo rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí òfin 1999 tó sọ ẹkùn mẹ́fà orílẹ̀-èdè yìí di méjìlá, tí Donga fi dá dúró. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rò pé ibi kékeré kan ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èdè ti pọ̀ sójú kan bẹ́ẹ̀ tí a mọ̀ ní gúúsù. Àwọn ará Manigri ń sọ Nagó. Àwọn ará Bassila ń sọ Anii. Tem, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Kotokoli, ni a ń gbọ́ ní Pénéssoulou. Àwọn Fúlàní wà pẹ̀lú màlúù wọn, àwọn àgbẹ̀ Lokpa sì ti sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè láti wá ilẹ̀ iṣu. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ọmọ tí ó jókòó níwájú àti èyí tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lè má gbọ́ èdè ara wọn. Faransé ni olùkọ́ ń sọ, kò sì sí èyí tí ó gbọ́ Faransé nílé nínú wọn.

Manigri ni kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù fún ọmọ Yorùbá. Ìlú náà ní apá méjì, Manigri-Ikanni àti Manigri-Oké. Èdè wọn àti ti Kambolé ní Tógò jẹ́ ọ̀kan náà, àwọn onímọ̀ èdè sì fi orúkọ ìlú méjèèjì pè é. Ìbátan Yorùbá ni, gẹ́gẹ́ bí èdè Ìdàáṣà, ti Ìtsà àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ ti jẹ́ ìbátan Yorùbá. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ láti Pọ̀bẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó sì gbọ́ ìkíni tí ó jọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń kí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á ní òun ti délé. Lẹ́yìn ìkíni ni baálé ilé yóò kọjú sí ìyàwó rẹ̀, tí wọn yóò máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bí omi tí ń ṣàn, tí olùkọ́ yóò sì máa mú ọ̀rọ̀ kan, tí mẹ́ta yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan jọ tiwa, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yà díẹ̀. Òmíràn jẹ́ èyí tí a rántí pé àwọn ìyá-ìyá wa ń sọ, tí àwa ti sọ nù.

Níbẹ̀ ni ìdánwò wà. Ẹni tí ó ti ka ìwé Yorùbá, tí ó mọ bí a ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó rọrùn fún un láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Manigri kí ó sì ní kò dá ṣáká, kí ó máa tún un ṣe bí ẹni ń tún àṣìṣe ṣe. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò ṣìṣe. Ó ń sọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ àti ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ sọ. Bí a bá sọ fún un ní ilé-ìwé pé Faransé rẹ̀ kò dára, yóò gbà, nítorí pé ó mọ̀ pé àlejò ni Faransé jẹ́ fún òun. Ṣùgbọ́n bí a bá tún sọ fún un pé èdè ẹnu rẹ̀ gan-an jẹ́ Yorùbá tí ó bàjẹ́, kí ni yóò kù tí yóò fi sọ̀rọ̀? Yóò dákẹ́ ni. A ti rí ọmọ tí ó ń pa àlọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn, tí ó sì jẹ́ pé nínú kíláàsì kò sí ẹni tí ó mọ ohùn rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe fẹnu kò láàárín ara wa pé èdè Manigri ni a ó fi kí ènìyàn ní Manigri, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Baálé ilé wa, àgbà mùsùlùmí kan tí ó ti bá ọkọ̀ rìn púpọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀, ni ó di olùkọ́ wa. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun, á jókòó sórí ẹní, àwa á jókòó sórí àpótí, á máa sọ orúkọ nǹkan fún wa: ewé, kòkòrò, irú iṣu tí a ń gún àti irú èyí tí a ń sè. Yorùbá tí a mú bọ̀ kò ṣòfò. Nígbà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní iye ní Faransé, tí quatre-vingts ń dààmú wọn, a fi ọgọ́rin ṣàlàyé rẹ̀: ogún lọ́nà mẹ́rin ni ọgọ́rin, ogún lọ́nà mẹ́rin náà ni ará Faransé sì ń pè. Wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀. Ẹnu yà wọ́n pé aláwọ̀ funfun náà ń ka ogún ogún bí àwọn ìyá ọlọ́jà.

Bassila kò jọ bẹ́ẹ̀. Anii kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ Yorùbá rárá. Àárín àwọn èdè tí a ń sọ lórí òkè Tógò àti Ghana ni àwọn onímọ̀ fi í sí, ọ̀rọ̀ orúkọ inú rẹ̀ pín sí oríṣiríṣi ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀. Yorùbá kò ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, Fọ̀n kò ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn kan wà nínú ìṣòro náà. Ní Bassila, kò sí olùkọ́ kan láti gúúsù tí ó lè tan ara rẹ̀ jẹ pé òun gbọ́. Ó mọ̀ pé odi ni òun jẹ́, ó sì ń bèèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í sì í ṣìnà.

Láti 1968 ni àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Peace Corps ti ń wá sí orílẹ̀-èdè yìí, tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìlú kéékèèké. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a máa ń fi wọ́n sínú ilé ẹbí kan, a sì ń kọ́ wọn ní Faransé àti èdè ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sì mọ̀ pé àlejò ni àwọn. Àwa ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, ìwé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fún wa, nítorí pé gbogbo ènìyàn rò pé ọmọ Benin kò lè jẹ́ àlejò ní Benin.

Jẹ́ kí a sọ ohun kan tí a rí ní Bassila ní àkókò kajú. Bí oṣù kejì ọdún bá ti wọlé, kajú yóò máa já bọ́, kíláàsì yóò sì máa ṣófo. Òbí nílò ọwọ́ ọmọ láti ṣa èso, owó tí a bá rí nínú rẹ̀ ni a ó fi ra oúnjẹ, oògùn àti ìwé. Ní ọjọ́ kan, a dúró níbi tí oníṣòwò kan gbé ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ìyá àgbà kan gbé àpò kajú wá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sì tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ CE1 ni ọmọ náà, ọ̀kan nínú àwọn tí máàkì wọn nínú ìṣirò kò tó nǹkan. Àpò náà wọn kílò 17, iye kílò kan sì jẹ́ 300 fránkì. Oníṣòwò ka 4 800 fránkì sí ìyá àgbà lọ́wọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ ní Anii, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n: ó ku 300. Oníṣòwò tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ó fi owó náà kún un, ó di 5 100.

Ọmọ tí ó lè ṣe ìsọdipúpọ̀ yìí lórí, láìsí bírò, lójú àgbàlagbà tí ń kánjú, kò ṣe aláìní ọpọlọ. Faransé tí a fi ń bi í léèrè nínú kíláàsì ni kò ní. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni a ti yí ọ̀nà ìkọ́ni wa padà. Àwọn ọmọ a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ní èdè ilé wọn, ẹgbẹ́ wọn tí ó gbọ́ Faransé díẹ̀ a túmọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo wa a jọ sọ ọ́ ní Faransé, tí a ó sì kọ ọ́ sójú pátákó. Kíláàsì di aláriwo. Ọmọ obìnrin náà kò di ẹni àkọ́kọ́ nígbà tí sáà parí, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sókè. Fún olùkọ́ tí ó bá mọ ohun tí ó ń wá, ọwọ́ tí ó nà sókè náà ti tó nǹkan.

Ìgbé ayé wa kò kún fún ẹ̀kọ́ nìkan. Yàrá kan àti gbọ̀ngán kan ni púpọ̀ nínú wa ń gbé. Láàárọ̀ kùtù, a ń bá àwọn obìnrin tò sídìí pọ́ǹpù fún omi, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín sí olùkọ́ ọkùnrin tí ó ru kèrègbè tí omi ń dà sí i léjìká. Nígbà iṣu tuntun, a kò ra iyán. Láti ilé kan sí èkejì ni abọ́ ti ń wá. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà wá sí ọjà. Nígbà ọyẹ́, ètè wa á là, ìyá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé á sì fi òrí sínú ewé fún wa. Nínú oṣù Ramadan, gbogbo ìlú ń gbààwẹ̀. Àwa tí kì í ṣe mùsùlùmí a máa fara pamọ́ jẹun lọ́sàn-án, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni kọ̀ fún wa, bí kò ṣe nítorí ọ̀wọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, ọmọdé á kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀gì gbígbóná àti àkàrà: ìyá mi ní kí n gbé e fún Mẹ̀síé.

Ìrìnàjò náà pọ̀. A ń gun alùpùpù láti Manigri lọ sí Bassila fún ìpàdé, láti Bassila lọ sí Djougou fún iṣẹ́ báńkì àti ọjà. Nígbà ìsinmi ni ti ilé kàn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ olùkọ́ kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lè jẹ ìdá púpọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ìdílé sílẹ̀ ní gúúsù. Àwọn kan gbọ́ ìròyìn ikú bàbá wọn lórí tẹlifóònù ní àárín ẹ̀kọ́, ọ̀nà sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dé lẹ́yìn ìsìnkú. Àwọn tí ó ṣáájú wa sọ fún wa nípa 1989, ọdún tí owó oṣù kò wá fún ìgbà pípẹ́, tí ìyanṣẹ́lódì sì sọ ọdún ẹ̀kọ́ náà di òfo jákèjádò orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní ní ìlú mìíràn, olùkọ́ di ẹrù rẹ̀ ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú bá ti gbà, oko ni wọ́n fi hàn án, wọ́n ní kí ó gbin iṣu títí ayé yóò fi tún ṣe.

Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa fìdí kalẹ̀ sí. Olùkọ́ tí kò bá rí ìlú gbà yóò máa kọ ìwé pé kí a gbé òun kúrò. Bí ọ̀kan bá lọ ní oṣù kejìlá, tí òmíràn dé ní oṣù kejì, tí òun náà lọ, kíláàsì kan náà lè rí olùkọ́ mẹ́ta lọ́dún kan, àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò CEP ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Owó àti ilé gbígbé ní ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí a mọ̀, àwọn tí ó gbọ́ èdè ìlú ni ó pẹ́ jù. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1990, ní apá kọkànlá rẹ̀, fún gbogbo àwùjọ ní òmìnira láti máa lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Òfin náà dára. Ẹnu olùkọ́ ni ó kù kí ó ti jáde.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yorùbá ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣáínà àti ní Vietnam. Àwọn olùkọ́ ará Ṣáínà náà sì ń wá sí Yunifásítì Abomey-Calavi láti kọ́ wa ní èdè wọn. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó fò sọdá òkun àti àwa tí a gun ọkọ̀ eléruku, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ọmọ tí ó jókòó níwájú wa ń fi ojú béèrè: ṣé ẹni tí ó wá kọ́ mi yìí yóò gbọ́ mi?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, ibi tí a ó rán yín lọ kò sí lọ́wọ́ yín. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ wá àgbà kan tí yóò máa kọ́ yín ní èdè. Ẹ má ṣe pe èdè tí ó jọ tiyín ní tiyín. Ẹ lọ sí ọjà kí ẹ sì wo bí àwọn ọmọ yín ti ń ṣírò owó. Ní ti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ jẹ́ ọmọ Manigri àti ọmọ Bassila, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní. Ẹ bá wa kọ ìwé kékeré kan, ojú ewé kan ní Nagó Manigri, ọ̀kan ní Anii, ọ̀kan ní Faransé: ìkíni, orúkọ oúnjẹ, iye, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń tu ọmọ tí ń sunkún nínú. Kí ó wà nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí a tó ṣí ilé-ìwé, kí a lè fún gbogbo olùkọ́ tuntun ní ọjọ́ tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwa tí a ti wà níbí ṣáájú wọn yóò jókòó tì wọ́n láti kà á.